Bi Àwòrán Léèrè Kí O Tó Lu Káàdì

Wọ́n ní kò sí kọ̀ǹpútà ní Ìbàràpá láyé ìgbà tiwa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló sọ ọ́ sí mi lójú, ó na ẹsẹ̀ sórí àga mi, ó ń tẹ fóònù. Ó ní, "Màmá, nígbà tiyín, ṣebí oko nìkan ló wà níbí?" Mo ní kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àga mi ná. Nígbà tó gbé e kúrò, mo bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, ohun tí mo sọ fún un ni mo sì kọ síbí fún gbogbo ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé yín. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí gbọ́. Àmọ́ ẹ má ṣe sọ pé kò sí.

Táíwò ni orúkọ mi. Ìdófin ní Igbó-Ọrà ni wọ́n ti bí mi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Kẹ́hìndé. Tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá wa, ilé wa sì kún fún ìwé ju iṣu lọ. Ní ìlú wa, ìbejì kì í ṣe ohun tí à ń pe ara wa wò. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà tí o pe "Táíwò!", àwọn tí yóò dáhùn lè kún mọ́tò kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ló gbé mi ṣubú.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Àwọn dókítà kan ṣí ilé iṣẹ́ kékeré kan sí Èrúwà, tí kò sí mọ́ lónìí, láti máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní Ìbàràpá sílẹ̀, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára má baà fo ọmọ kankan. Wọ́n ń wá ẹni tó lè tẹ tàípù. Mo lè tẹ̀ ẹ́. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ kan, káàdì kan. Káàdì náà gùn bí àpò ìwé lẹ́tà, ó sì le. Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ lu ihò sí i lára: ihò yìí dúró fún ìlú, ìyẹn dúró fún nọ́ńbà ìyá, òmíràn dúró fún abẹ́rẹ́ tí ọmọ ti gbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mọ́tò máa ń kó àwọn káàdì lọ sí Ìbàdàn, níbi tí kọ̀ǹpútà wà nínú yàrá tó tutù bí ọyẹ́, tí a kì í gbà kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ pẹ̀lú bàtà eléruku. Kọ̀ǹpútà á ka ihò, á tẹ orúkọ àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ kù fún sínú ìwé gígùn, mọ́tò á sì gbé ìwé náà padà wá fún wa. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ò ju ohun tí a bá kọ fún un lọ, bí yóò ṣe ka káàdì àti ohun tí yóò ṣe sí i. Ìyẹn ni à ń pè ní ètò. Kí ó tó pẹ́, lílu káàdì kò tó mi mọ́. Mo fẹ́ máa kọ ètò.

Ẹni tó ń kọ ètò nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan, ọmọ Iléṣà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà lókè òkun. Nígbà tí mo lọ bá a pé mo fẹ́ kọ́ ọ, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fa àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo kan yọ, ó ya bébà inú rẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù. Ó ní, "Ya àwòrán sí i."

Odindi ọdún kan ni mo fi yàwòrán lórí bébà sìmẹ́ǹtì. Mi ò kọ ìlà ètò kan ṣoṣo. Àpótí ni mò ń yà, àpótí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, mo sì ń fa ọfà láti àpótí kan sí òmíràn láti fi hàn ibi tí káàdì yóò gbà kọjá. Bí mo bá yà á tán, Ọ̀gá á fi ìka rẹ̀ lé ọfà àkọ́kọ́, á máa tọ̀ ọ́ lọ, á sì máa bi mí.

"Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ìyá ọmọ tún ọkọ fẹ́ ńkọ́?"

Orúkọ ọkọ ni mo fi dá ìyá mọ̀ nínú àwòrán yẹn. Ó fà á ya níṣojú mi, ó sì tún fún mi ní bébà mìíràn.

Mo sunkún nígbà mélòó kan, mi ò ní parọ́. Ìgbà kan tí inú bí mi, mo bi í léèrè ìdí tí a kò fi lè kọ ètò náà ná, kí a máa tún un ṣe bí ó bá ti ń bàjẹ́. Ó ní, "Táíwò, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Lórí bébà, ràbà ni o fi ń pa àṣìṣe rẹ́. Bó bá dé inú káàdì, ta ni yóò pa á rẹ́?"

Òfin méjì ni ó ní. Èkíní ni pé kí a bi àwòrán léèrè kí a tó lu káàdì. Kì í ṣe àwa tí a yà á nìkan ni yóò bi í o. Kí á gbé e lọ bá àwọn tí yóò lò ó, kí oníkálukú mú "bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé" tirẹ̀ wá, kí á sì fi ìka tọ ọfà títí a ó fi rí ibi tí àwòrán yóò ti kán. Èkejì ni pé ohun kan kò gbọdọ̀ gbé ju ojú kan lọ. Bí ó bá bi ọ́ pé ibo nínú ètò rẹ ni ó ti mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìbí, tí o bá nawọ́ sí ibi mẹ́ta, o gbé nìyẹn. Ó ní lọ́jọ́ tí ọjọ́ ìbí bá yí padà, ibi méjì ni wàá rántí, ẹ̀kẹta ni yóò pa ọ́.

Mo kọ́ òfin méjèèjì ní àkọ́sórí. Mo sì rú méjèèjì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àìsàn gbé Ọ̀gá lọ sílé, ó wà ní Iléṣà fún oṣù díẹ̀. Èmi nìkan ni mo kù tí mo lè kọ ètò. Olórí wa, dókítà tó ń darí ilé iṣẹ́ náà, pè mí. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, èéyi máa ń bá ẹ̀ẹ̀rùn rìn, ó sì fẹ́ ètò tuntun tí yóò máa tọ́ka sí ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ èéyi. Kíákíá ló fẹ́ ẹ. Orí mi wú. Mo ní yóò tètè jáde.

Mo yàwòrán. Mo wò ó, ó dùn mọ́ mi nínú. Orúkọ kò wúlò láti fi dá ọmọ mọ̀ ní ilẹ̀ tí Táíwò pọ̀ bí èyí, nítorí náà nọ́ńbà ni mo lò: nọ́ńbà ìyá, nọ́ńbà ìbímọ, lẹ́yìn náà ihò kan tó kẹ́yìn fún ìbejì, ọ̀kan tàbí èjì. Ọmọ kìíní, ọmọ kejì. Kò sẹ́ni tí mo fi hàn. Ta ni mo fẹ́ fi hàn? Ta ni yóò kọ́ èmi Táíwò, ọmọ Ìdófin, ní ọ̀rọ̀ ìbejì? Ètò márùn-ún ni mo kọ, gbogbo márààrún ló mọ ihò yẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kà á lọ́nà tirẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní láìdúró. Olórí bọ̀ mí lọ́wọ́.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ ìṣẹ́gun kan, ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Èrúwà. Kì í wá síbi iṣẹ́ mi rí. Kò jókòó, kò gba omi.

Ó ní, "Táíwò, nínú ìwé yín, ta lẹ pè ní ọmọ kìíní?"

Mo ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni. Táíwò."

"Nílé wa, ta ló ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n?"

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàràpá ló mọ̀ ọ́n. Kẹ́hìndé ni àgbà. Òun ló rán Táíwò ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí obìnrin tó dúró níwájú mi yìí, tí mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Mo sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sílé nígbà tí mo gbé bírò.

Ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì Ìdófin, ọmọbìnrin méjì ló bí, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni àwọn náà ń jẹ́. Ìyá Bọ́ládé, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wa tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Agbẹ̀bí àtijọ́ ni Ìyá Bọ́ládé, opó ni, àgbà ni. Nígbà tó rí àyè ọmọ kìíní lórí fọ́ọ̀mù, ó kọ Kẹ́hìndé sí i, nítorí àgbà ni à ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ibà ń ṣe Kẹ́hìndé, Táíwò nìkan ni wọ́n gún. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé. Òun náà rí àyè yẹn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kìíní ti gba abẹ́rẹ́, nítorí Táíwò ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn méjèèjì kọ òótọ́. Àmọ́ nínú kọ̀ǹpútà, ọmọ kìíní ni Kẹ́hìndé. Ìwé gígùn wá jáde láti Ìbàdàn pé Kẹ́hìndé ti gba abẹ́rẹ́, Táíwò ló kù.

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì padà dé pẹ̀lú ìwé náà, ìyá ọmọ pariwo. Ó ní Kẹ́hìndé ni kò tíì gbà á. Wọ́n fi orúkọ hàn án. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe." Ó ní, "Èmi ni mo bí wọn, ẹ̀rọ kò bá mi rọbí." Ṣùgbọ́n ìwé láti Ìbàdàn ni, ta ni yóò bá a jiyàn pẹ́? Wọ́n gún Táíwò lẹ́ẹ̀kejì.

Èéyi mú Kẹ́hìndé. Kò pa á. Ojú òsì rẹ̀ ni ó gbà.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè pa òwe igi gogoro mọ́. Bí ó bá ti dé ẹnu mi, mo máa ń gbé e mì.

Mo fa àwọn káàdì yọ, mo fi ọwọ́ ara mi yẹ̀ wọ́n wò. Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré lọ sí Ayétẹ̀, sí Ìgàngán, sí gbogbo ibi tí ìbejì gbé wà, wọ́n sì gún àwọn tó kù kí èéyi tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ti Ìdófin nìkan ni ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè wá sípàdé. Ìwé kan ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé akọ̀wé ojúlé, Ìyá Bọ́ládé, kọ fọ́ọ̀mù lódì, àti pé wọn yóò dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ètò kò ní àbùkù. Èmi tí mo kọ ètò ni kí n fọwọ́ sí i.

Ìyá Bọ́ládé jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ sórí itan. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé bírò sílẹ̀.

Mo ní, "Mi ò ní fọwọ́ sí i, sà."

Olórí ní, "Mísì, ṣé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe ni àbí ènìyàn?"

"Ènìyàn ni, sà. Èmi ni."

"Ètò rẹ ṣe ohun tí o ní kó ṣe."

"Ohun tí mo ní kó ṣe ni kò dáa, sà. Fọ́ọ̀mù bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó ní ìdáhùn méjì, oníkálukú sì dáhùn bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Bí ẹ bá lé Ìyá Bọ́ládé lọ lónìí, akọ̀wé tó bá gba ipò rẹ̀ yóò kọ ohun kan náà lọ́la."

Ìyá Bọ́ládé fúnra rẹ̀ ló dá sí i. Ó ní, "Ọmọ mi, fọwọ́ sí i. Èmi ti dàgbà. Ìwọ ni iṣẹ́ kù fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi le sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, obìnrin yẹn sì ti gbé orí ọmọ ní Ìbàràpá kí wọ́n tó bí mi. Mo sọ fún Olórí pé bí wọ́n bá fẹ́ lé ẹnikẹ́ni, orúkọ mi ni kí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Ó ní òun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ṣe é. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ọ̀gá Láṣebìkan ti dé láti Iléṣà lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sẹ́yìn, ó rù gan-an. Ó wá pè mí.

"Táíwò. Ṣé o bi àwòrán léèrè?"

"N kò bi í, sà."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n tán ni, sà."

Mo retí kó bú mi. Kò bú mi. Ó kọjú sí Olórí, ó ní, "Ẹ fún wa láyè títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Bí èyí tí a bá kọ bá tún fo ọmọ kan, ẹ lé èmi àti òun pọ̀." Olórí mú ìwé orí tábìlì náà, ó sì fi í sínú àpótí tábìlì rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó fi í ṣe lẹ́yìn náà. Ìyá Bọ́ládé ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ni mo wá mọ ìyà òfin kejì. Ihò ìbejì yẹn wà nínú ètò márààrún. Bí mo bá tún ọ̀kan ṣe, òmíràn á bàjẹ́. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Mo ya àwòrán tuntun tó ní àpótí kan ṣoṣo tó mọ bí a ṣe ń dá ọmọ mọ̀. Àwọn àpótí yòókù kò mọ̀ ọ́n, kò sì kàn wọ́n. Bí èyíkéyìí bá fẹ́ mọ ọmọ, kó lọ bi àpótí yẹn. A pè é ní Àpótí Ìyá, nítorí ìyá ló mọ ọmọ rẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù, mo yọ ọmọ kìíní, ọmọ kejì kúrò. Mo fi ìbéèrè méjì rọ́pò rẹ̀: Ta ni àgbà? Ta ló kọ́kọ́ dé?

Ó wá ku kí a bi í léèrè. Ọ̀gá ní ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni Ìyá Ìbejì Ìdófin. Ó ní èmi ni yóò lọ pè é wá.

Bí mo bá sọ pé mo fẹ́ lọ, irọ́ ni. Mo bá a lójúde, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀. Kò dáhùn ìkíni mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀rọ yín ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ kọ́, mà. Èmi ni mo ṣe é. Mo wá tọrọ àforíjì, mo sì tún wá bẹ̀ yín níṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Mi ò mọ̀wé."

"A ti ya òmíràn. Ẹ wá bá wa wá ibi tí yóò ti bàjẹ́."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni mo mọ̀. Màá wá. Àmọ́ mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

Mo ní mo gbọ́.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Igbó-Ọrà ni a lò. A lẹ bébà sìmẹ́ǹtì mọ́ ògiri láti igun dé igun. Àwọn akọ̀wé ojúlé wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé náà wá láìjẹ́ pé a pè é. Èmi ni mo dúró nídìí ògiri, tí mo ń fi ìka tọ ọfà.

Ìyá Bọ́ládé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ìyá kó ọmọ lọ sí oko, tí kò sì dé títí wọ́n fi kórè iṣu?" Mo tọ ọfà. Ó gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí ó bá bí Ìdòwú lé wọn ńkọ́?" Ó gbà á. Ayọ̀ ti ń mú mi díẹ̀díẹ̀.

Ó wá kan Ìyá Ìbejì. Ó dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó fi ìka kan àpótí kékeré kan nísàlẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ kọ síbí?"

Mo kà á fún un: "Ó ti rìnrìn àjò." Àpótí àwọn tó kó kúrò ní ìlú ni. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, ìdílé náà á bọ́ kúrò nínú ìwé, kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà máa wá ẹni tí kò sí nílé.

Ó ní, "Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, báwo la ṣe ń sọ ọ́?"

A kì í sọ pé ìbejì kú. À ń sọ pé ó rìnrìn àjò ni. Mo tọ ọfà: akọ̀wé yóò kọ ọ́ pé ó ti rìnrìn àjò, àpótí yẹn yóò sì yọ ìdílé náà kúrò, èyí tó kù láyé kò ní gba abẹ́rẹ́ kankan mọ́ láé. Gbogbo ọgbọ́n ìwé mi àti ti Ọ̀gá kò rí i. Obìnrin tó ní òun kò mọ̀wé ló rí i, lórí bébà, níbi tí ràbà ti lè pa á rẹ́.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú ràbà. Ó yí sí Ìyá Ìbejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, ọmọ Iléṣà tó ti òkè òkun dé. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ tún wò ó."

Ètò yẹn jáde kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Láti ìgbà náà, a kò lu káàdì kan fún ètò tuntun láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn kan láti Ìbàdàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní a ti sọ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì di ìpàdé ẹlẹ́ja. Mo ní bí ẹlẹ́ja bá mọ ibi tí egungun gbé wà, kí la fẹ́ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? A-béèrè kì í ṣìnà. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, ètò tiwọn ni wọ́n ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tún ṣe. Èmi ń lọ sílé lágogo mẹ́rin.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fẹ̀yìntì, èmi ni mo jókòó sípò rẹ̀. Ìgbà káàdì ń kọjá lọ. Téèpù gba ipò rẹ̀, téèpù gbọọrọ tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, tó ń yí ká bí okùn ọ̀ṣọ́ nínú ilé gíláàsì. Gbogbo ilé iṣẹ́ yòókù tó ń lo kọ̀ǹpútà yẹn ló tún ètò wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tiwa, apá tó ń ka káàdì nìkan ni mo yí padà. Àpótí Ìyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo ń fọ́nnu? Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti sanwó rẹ̀.

Pẹ̀lú téèpù ni Olórí tuntun dé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sáré bí ẹni ń lé mọ́tò. Ó yẹ fọ́ọ̀mù wa wò, ó fi bírò pupa fa ìlà sórí ìbéèrè kan. Ó ní, "Ìbéèrè méjì fún ohun kan ṣoṣo? Ẹ yọ ọ̀kan. Ẹ̀ ń fi àkókò àwọn akọ̀wé ṣòfò."

Mo ní, "Mi ò ní yọ ọ́, sà."

Ó ní èmi ni mo máa yọ ọ́ tàbí kí òun wá ẹlòmíràn tí yóò yọ ọ́. Mo ní ó dára, àmọ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi dé Igbó-Ọrà, kó lọ bi àwòrán léèrè níbi tí a ti ń bi í. Ó rò pé ìpàdé ni. Ó gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀, ó ń wo aago lọ́nà.

Kì í ṣe gbọ̀ngàn ni mo mú un lọ. Ojúde Ìyá Ìbejì ni. Ìyá náà fún wa lága, ó bu omi fún wa, ó sì bi mí léèrè àwọn ará ilé mi. Kò tíì sọ fún mi títí di ọjọ́ yẹn pé òun ti dárí jì mí, kò sì sọ ọ́ rí títí tó fi papò dà. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá kí àlejò.

Wọ́n ti ń lọ síléèwé nígbà náà, aṣọ iléèwé ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn yí orí díẹ̀ sápá òsì, kí ó lè fi ojú ọ̀tún rẹ̀ rí àlejò dáadáa. Olórí rí ojú kejì. Ó gbé kọ́ọ̀bù omi sílẹ̀.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi ọmọ náà pé, "Ṣé ìwọ ni o ṣáájú?"

Ọmọ náà kò ronú rárá. Ó ní, "Èmi ni àgbà, sà. Táíwò ló kọ́kọ́ dé."